Kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù: ìràwọ̀ 3 nínú 5

Ẹ̀yin lọ́yà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń béèrè nípa kíláàsì ọjọ́ Sátidé yẹn, mo ti lọ. £180 ni wọ́n gbà, oúnjẹ ọ̀sán wà nínú ẹ̀. (Sáńwíìṣì tútù ni. Ẹ gbé ata yín dání.)

Ká má parọ́, olùkọ́ náà mọṣẹ́. Ó gbé ẹjọ́ ìdánrawò kan kalẹ̀ fún wa: obìnrin kan tí kò ní lọ́yà, ògbufọ̀ rẹ̀ kò dé, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ sì ń kánjú kí wọ́n dá a lónìí lónìí. Bó ṣe ń tú ìdáhùn kálukú palẹ̀ ló ń tọ́ka síbi tá a ti ń jà bíi lọ́yà, dípò ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ìyẹn nìkan tó owó mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ló bà á jẹ́. JAC, ìgbìmọ̀ tó ń yan adájọ́ fún England àti Wales láti 2006, kì í wo fọ́ọ̀mù àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan. Wọ́n tún máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí tàbí tó mọ̀ ọ́n dunjú, adájọ́ àgbà ló sì sábà máa ń jẹ́. Àwa tá à ń jókòó ti fáìlì ní ọ́fíìsì kékeré ní Peckham, tá a kì í fi bẹ́ẹ̀ dé kóòtù, ta ni wọ́n fẹ́ bi nípa wa? Ìdajì ojú ìwé péré ni olùkọ́ fún un. Nígbà tí mo béèrè, ó ní kí n máa lọ síbi ayẹyẹ táwọn adájọ́ ń lọ, kí n máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Háà!

Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ pé àwọn ti fi sílẹ̀ nìyẹn? Láyé àtijọ́, ìkọ̀kọ̀ làwọn èèyàn Lord Chancellor, mínísítà tọ́rọ̀ yíyan adájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ti ń wádìí lọ́yà tó fẹ́ di adájọ́ lẹ́nu àwọn adájọ́, bí afọbajẹ tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ oyè lẹ́yìn rẹ̀. Ó sú Law Society, ẹgbẹ́ àwa lọ́yà tí wọ́n ń pè ní solicitor, débi pé wọ́n yọwọ́ níbẹ̀ ní 1999. Lónìí, ọ̀rọ̀ adájọ́ àgbà kì í ṣe àṣẹ mọ́: ìgbìmọ̀ tí alága rẹ̀ kì í ṣe lọ́yà ló ń gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rí yòókù, ìwọ fúnra rẹ náà sì máa dárúkọ àwọn tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin bárísítà tẹ́ ẹ ń rójú adájọ́ lójoojúmọ́, ẹ lọ nítorí ẹjọ́ ìdánrawò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ solicitor bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ ka ìlànà JAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀fẹ́ ni.