Owó wọlé, fáìlì ò dé: ìkànnì tí mo fi ń ta pátánì aṣọ

Mi ò ní dárúkọ ìkànnì yìí. Ẹni tó bá ti ta PDF rí ní Nàìjíríà mọ irú rẹ̀: o gbé fáìlì síbẹ̀, o kọ iye owó, wọ́n fún ọ ní líǹkì tí wàá gbé sórí WhatsApp, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń fi ọjà ránṣẹ́, wọ́n ń yọ tiwọn. Ìyẹn ò gba àlàyé. Ohun tó gba àlàyé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láti aago méje alẹ́ Jímọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ọjà náà ni pátánì bùbá obìnrin, ojú ewé 38 lórí A4, ₦4,500. Èèyàn 41 ló rà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi máa lù, 14 nínú wọn ti ń pariwo: owó ti kúrò ní báńkì, fáìlì ò dé. Lójú ewé tí mo ti ń wo títà, gbogbo àwọn 41 ló ní àmì aláwọ̀ ewé, "A ti fi ránṣẹ́." Lédè wọn, ìyẹn ni pé ímeèlì ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Bó bá já sí kòtò lójú ọ̀nà, àmì náà ò ní yí padà.

Mo kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Èsì dé kí n tó gbé ìka kúrò: "Ẹ ṣeun, a ti gba ẹ̀sùn yín." Ẹ̀rọ ni. Mo fi ímeèlì àti àkókò ìsanwó àwọn 14 ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n wo spam, ibi tí ímeèlì tí a fura sí máa ń já sí. Mo ní wọ́n ti wò ó. Ó tún ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n wo spam. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mọ́kànlá lù, ọkùnrin kan bọ́ sí i. Ó ní òun rí i pé owó ti wọlé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti yanjú, ló bá ti ẹ̀sùn pa. Mo ṣí i. Ó tún tì í. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó bi mí bóyá mo ti gbìyànjú láti pa fóònù mi kí n sì tún un tàn. Fóònù tèmi, lórí ímeèlì tí ẹlòmíì ń retí ní Ìbàdàn!

Ọwọ́ ni mo fi pín fáìlì 14 yẹn lórí WhatsApp. Òfò tó wà níbẹ̀ ju àárẹ̀ lọ. Èyí tí ìkànnì bá fi ránṣẹ́ máa ń ní ímeèlì ẹni tó rà á nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní kù gìrì gbé e sí Telegram. Èyí tí ọwọ́ bá fi ránṣẹ́ ò ní àmì kankan lára.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan pè láti ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé kọ̀ǹpútà wà níwájú yín?" Ibí ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ti yẹ ímeèlì 14 náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti pín wọn sí mẹ́ta.

Mẹ́rin nínú wọn, àdírẹ́sì ló bàjẹ́: gmail.con, gmial.com, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ fi tiránsífà sanwó máa ń sáré, torí pé ìṣẹ́jú 30 péré ni nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fún un fi ń ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù wọn ò sì ní kó kọ ímeèlì lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹ́ta jẹ́ ímeèlì ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ààbò níbi iṣẹ́ máa ń ṣí gbogbo líǹkì tó bá wọlé, kó lè mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Líǹkì tiwọn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn lè ṣí i. Kí oníbàárà tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ tán.

Méje tó kù, ẹ̀bi mi ni. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo yí orúkọ afiránṣẹ́ padà sí àdírẹ́sì lórí domain tèmi (orúkọ tí mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), kó lè jọ ti ilé iṣẹ́ gidi. Domain náà sì ti ní DMARC, àṣẹ tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ímeèlì tó ń lo orúkọ mi láìní ẹ̀rí. Tèmi wà ní p=reject, ìyẹn ni pé kí wọ́n kọ̀ ọ́; mo fi sí i nígbà tí Google àti Yahoo mú òfin wọn lórí ímeèlì le lọ́dún 2024. SPF mi, ìlà tó ń dárúkọ sáfà tó láṣẹ láti fi orúkọ mi ránṣẹ́, ò dárúkọ sáfà ìkànnì yìí; DKIM wọn, ìyẹn àmì ìfọwọ́sí ímeèlì, ò sì sí níbẹ̀. Gmail wá ṣe ohun tí èmi fúnra mi ní kó ṣe: ó dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ jẹ́ kó dé spam.

Obìnrin yìí dúró lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 40. Mo fẹ́ fi SPF kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ní rárá: SPF méjì lórí domain kan máa ń ba ara wọn jẹ́ ni, inú ẹyọ kan náà ni kí n fi "include" tiwọn sí, ṣáájú "~all" tó parí rẹ̀. A kọ CNAME méjì (ìlà tó ń tọ́ka orúkọ kan sí òmíràn) fún DKIM, wọn ò ṣiṣẹ́. Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ sí àyè orúkọ. Mo kà á, ó rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ orúkọ domain mi parí, ilé iṣẹ́ tó ń bá mi tọ́jú domain sì tún fi í kún un, ó wá di ẹ̀ẹ̀mejì. A gé e kúrò. A dán an wò sí Gmail, a ṣí "Show original" láti rí àbájáde àyẹ̀wò, SPF ní PASS, DKIM ní PASS, DMARC ní PASS. Ó bá mi gbé iye ìgbà tí líǹkì lè ṣí sí 10, ó sì gbà, láìjà, pé kò yẹ kí ìkànnì jẹ́ kí èèyàn yí orúkọ afiránṣẹ́ láìkọ́kọ́ yẹ DNS rẹ̀ wò, ìyẹn ibi tí gbogbo ìlà wọ̀nyí wà.

Ní ti owó, wọ́n ń yọ 4% àti ₦50. Lórí ₦4,500, ₦230 ni. Bí mo bá so Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́ ìkànnì tèmi fúnra mi, 1.5% àti ₦100 ni, ìyẹn ₦167.50. Mi ò ní bá wọn jà nítorí ₦62.50. Àmọ́ ẹni tó ń ta nǹkan ₦1,000, kó sá fún wọn: ₦90 ni wọ́n máa yọ, níbi tí Paystack ti máa gba ₦15, torí pé wọn kì í yọ ₦100 yẹn lórí ohun tí kò bá tó ₦2,500.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí mo bá pààrọ̀ fáìlì, gbogbo ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ló máa rí tuntun gbà. Èyí gbà mí nígbà tí ará Houston kan ní bùbá òun kéré. Bébà Letter ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 279 mm ni gígùn rẹ̀, ti A4 jẹ́ 297. Ẹni tó bá fi "fit to page" (kó sún un kéré kó lè gba orí bébà) tẹ̀ ẹ́ ti sọ pátánì di 94%, àyà 40 ínǹṣì á wá di 37 àti díẹ̀. Mo tún un tò kó lè gba orí bébà méjèèjì, mo fi àpótí onígun mẹ́rin, 5 cm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, sójú ewé kìíní kí télọ̀ fi téèpù wọ̀n ọ́n kó tó tẹ ìyókù, mo sì kọ "100%" gàdàgbà sí i. Mo dá owó ẹni yẹn padà. Ìkànnì ò dá ₦230 tiwọn padà.

Títí di òní, bí èèyàn bá sanwó tán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tó máa fi gba fáìlì lójú ewé náà. Ímeèlì ṣì ni. Mo ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkùnrin ọjọ́ Jímọ̀ ló ń tì í pa.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Pátánì agbádá á jáde níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ₦6,000.