Ẹ̀rọ tó ń ké ìbòsí: mo dán an wò ní Dùgbẹ̀, mo tún gbé e lọ sí Adámásìngbà

Méjì ni mo rà, ₦6,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ṣájà àti páùṣì fóònù ní Dùgbẹ̀, lọ́ọ̀ọ́kán Cocoa House. ₦8,000 ni ọmọkùnrin tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Kò tóbi ju ẹyin àdìẹ lọ, ó pupa bí osùn, ó sì ní okùn téèyàn lè fi kọ́ àpò. Ẹ fa okùn yẹn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ, ariwo á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dákẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá dá irin náà padà sínú ihò rẹ̀. Wọ́n kọ 130 dB, ìwọ̀n bí ariwo rẹ̀ ṣe le tó, sára páálí.

Ọmọkùnrin náà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò mi kan lẹ́nu iṣẹ́, oníròyìn ni, ó ń lọ sí Nairobi níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó orí. Oṣù kẹfà ọdún 2024 nìyẹn. Ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ṣé kò sí ọkùnrin níbi iṣẹ́ yín ni?” Mo sanwó, mi ò fọhùn. Ọ̀gá wa pàápàá ti béèrè ohun kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn ní ọdún 2011 á rántí Lara Logan, oníròyìn obìnrin kan. Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kejì ni, alẹ́ tí Ààrẹ Mubarak fi ipò sílẹ̀ ní Íjíbítì. Gbàgede Tahrir ní Káírò ló wà pẹ̀lú àwọn tí CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, rán, inú gbogbo èèyàn ń dùn, wọ́n ń jó. Èrò já a gbà mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni àwọn ọkùnrin yẹn fi ń fọwọ́ fipá bá òun lò bí ẹni tí kì í ṣèèyàn. Àwọn obìnrin kan tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ara wọn ṣe ògiri fún un kí àwọn ṣọ́jà tó dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, gbàgede kan náà, wọ́n tún ṣe Caroline Sinz, oníròyìn France 3, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé, bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọlọ́pàá mú Mona Eltahawy, oníròyìn ọmọ Íjíbítì, wọ́n ṣẹ́ apá rẹ̀ òsì, wọ́n ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì fọwọ́ ba ibi tí kò yẹ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ló wà lọ́kàn mi tí mo fi ra ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ṣe.

Ilé ni mo ti kọ́kọ́ fà á, ní Òkè-Àdó, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí kò síná. Háà! Ajá mẹ́ta ló kọ́kọ́ dáhùn. Bàbá onílé jáde pẹ̀lú àdá, ìyá tó ń gbé lẹ́yìn wa gbé orógùn àmàlà dání, àmàlà ṣì wà lára rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ra búrẹ́dì fún gbogbo ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo gbé e padà lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án, mo fà á láàárín àwọn ọlọ́jà. Ẹni méjì wojú mọ́tò tó wà nítòsí. Ìyá aláta kan sọ pé, “Ẹ pa fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́.” Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ní pápá ìṣeré Lekan Salami, ní Adámásìngbà. Wọ́n jẹ góòlù, ìlù ń dún, fèrè ń dún, gbogbo wa dìde. Mo fa irin náà. Ẹni kan péré ló wà láàárín èmi àti ọmọ yẹn. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ohun tí páálí kò kọ nìyẹn. Aládùúgbò ló ń jẹ́ kí ìbòsí ṣiṣẹ́, kì í ṣe bí ohùn ṣe le tó. Ní Òkè-Àdó, wọ́n mọ̀ mí. Ní Tahrir, àwọn tó yí Lara Logan ká ni wọ́n ń ṣe é. Ti Mona Eltahawy ńkọ́, tí ọlọ́pàá fúnra wọn mú, ta ni ẹ̀rọ fẹ́ ké sí? Àti Jineth Bedoya, oníròyìn ní Kòlóḿbíà: ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Bogotá ni wọ́n ti jí i gbé ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, níbi tó ti lọ fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́wọ̀n kan lẹ́nu wò. Wọ́n fipá bá a lò. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ ní tó sọ pé ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ̀bi.

Ẹgbẹ́ CPJ tó ń dáàbò bo àwọn oníròyìn bá àwọn oníròyìn tó lé ní 48 sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ wọn kò sọ fún ọ̀gá, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọn ò ní rán àwọn níṣẹ́ mọ́. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo pa ìwé dé. Níbi ìpàdé olóṣèlú kan ní Mápó lọ́dún 2003, ọwọ́ wọ abẹ́ aṣọ mi, ọwọ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Mo na rẹ́kọ́dà sókè kó má bàa já bọ́. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, wọ́n béèrè téèpù, mo gbé e kalẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo fẹ́ kí wọ́n tún rán mi lọ.

Ti àbúrò mi: ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú àpò ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ìyarí ló fa irin rẹ̀ yọ. Ó tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀, lójú àwọn ẹ̀ṣọ́. Ní Nairobi, kò mú un jáde láàárín èrò rárá. Etí èrò ló dúró sí, òun àti ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ó fi okùn so ẹ̀rọ náà mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, débi pé tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, irin á yọ. Lóru ọjọ́ kẹta, ó yọ. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó ní yàrá lòun ṣì. Bóyá lóòótọ́ ni. “Àǹtí, mi ò sùn mọ́,” bó ṣe sọ fún mi nìyẹn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó ti dé. Kò tíì sọ fún ọ̀gá.

Nítorí ilẹ̀kùn yẹn, mo fún ẹ̀rọ náà ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Bátìrì tèmi kú láàárín oṣù kan, páálí sì pe ọdún kan. Mo gbé e padà, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà padà. Iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò tó fi wá abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, kó tó fi ilé sílẹ̀, kó ti mọ ilé ìwòsàn níbẹ̀ tó ní oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV. Tí wọ́n bá fipá bá èèyàn lò, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń lò ó. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó máa sọ ìyẹn fún un.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá wa ní kí n kọ ohun tí ọmọ wa tó kàn máa nílò. “Ẹnì kejì” ni mo kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀rọ yìí ni mo kọ ṣe ìkẹta. Ó ní kò sówó ẹni méjì. Ó fọwọ́ sí ₦6,500.