Ironman Wales ní Tenby: ohun tí òǹwòran tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ jókòó wo eré ìdárayá, kó má wulẹ̀ lọ sí Tenby lọ́jọ́ Ironman, ìdíje tó pa ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré ẹsẹ̀ pọ̀. Ìdúró ni, ìrìn ni, ariwo ni. Àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ díje ni mo tẹ̀lé lọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. N kò wo irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ mo gbádùn rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù èyíkéyìí tí mo ti sanwó wò lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹwòran tó dúró lẹ́bàá títì.

Kìlómítà 3.8 ni wọ́n máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ sá kìlómítà 42.2, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Hawaii ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978, tí àwọn 15 bọ́ sójú eré, tí 12 sì parí. Ti Tenby, ìlú kékeré létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Wales, bẹ̀rẹ̀ ní 2011.

Ẹ tètè jí. Kí oòrùn tó yọ ni èrò ti kún orí òkè tó wà lókè etíkun North Beach. Kí wọ́n tó bọ́ sómi, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Wales, tọmọdé tàgbà ló gbè é. Orí mi wú. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì láti etíkun wá sókè, níbi tí olúkúlùkù fi àpò bàtà rẹ̀ kọ́ sí, nítorí ó tó kìlómítà kan tí wọ́n máa sá la ìgboro kọjá kí wọ́n tó débi kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Mo rí bàbá kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí òtútù, tí bàtà kọ̀ tí kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún un títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi wọlé.

Ìgbà tí wọ́n bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ni kò dùn-ún wò. Wọ́n á lọ jìnnà dé abúlé Angle, òǹwòran á wá dúró lásán. Ẹ má gbé mọ́tò jáde, wọ́n ti ti ọ̀pọ̀ títì pa. Àwọn òkè Wiseman's Bridge àti Saundersfoot ló dára jù, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbabẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń rọra gùn ún débi pé èèyàn lè rí ojú ẹni tó ń wò. Áàpù tó ń sọ ibi tí olùdíje dé ń fà bí ìgbín nígbà tí èrò pọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ dání pẹ̀lú: ilé oúnjẹ tí a tò sí ní kò sí nǹkan mọ́ nígbà tó kàn wá.

Eré ẹsẹ̀ gan-an ni ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń yí po, láti ìgboro gun òkè lọ sí New Hedges, kí wọ́n tún padà. Bí wọ́n bá ti parí ìyípo kan, wọ́n á gba ọ̀já aláwọ̀ sọ́wọ́, ẹ ó sì ti mọ iye tó kù fún oníkálùkù. Orúkọ wọn wà lára nọ́ńbà tí wọ́n so, ẹ máa pè é! Ní ìyípo kẹta, àbúrò mi kò lè sáré mọ́, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ki orílẹ̀ wa tẹ̀ lé e. Ó gbórí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn obìnrin méjì ará Wales tó dúró tì mí ní kí n kọ́ àwọn ní oríkì náà, nígbà tó sì padà dé, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ pè é.

Ẹ má ṣe lọ sílé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá wọlé. Nǹkan bíi wákàtí 17 ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn tó ń sá Ironman, àwọn tó ń wọlé lóru sì ni mo lọ wò. Ìyá kan dé orí kápẹ́ẹ̀tì pupa níbi ìparí eré tòun tẹkún, gbogbo èrò ń lu irin ìdènà gbàgbà títí ó fi kọjá.

Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìgbà kẹ̀kẹ́ ló jẹ ìkan tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ti gba yàrá sílẹ̀ lóṣù mélòó kan ṣáájú, nítosí ìgboro, kó lè fẹsẹ̀ rìn padà lóru.