Lọ́ńdọ̀nù sí New York: bàálù tó ń lọ tààrà àbí èyí tó ń yà lọ́nà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Heathrow, pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí JFK, ti New York, oríṣi méjì ló máa rí: èyí tó ń fò tààrà, àti èyí tó ń kọ́kọ́ balẹ̀ níbòmíì. Ẹ má fi kìlómítà yàn o. Wákàtí ni kí ẹ kà.

Ọ̀nà tààrà tó bíi 5,540 kìlómítà. Bàálù ńlá ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan lókè, torí náà ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á ní wákàtí mẹ́fà lé díẹ̀ ti tó. Kò tó. Tíkẹ́ẹ̀tì ń ka àkókò láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò lẹ́nu géètì: á rọra yí lọ sójú títì tó ti máa gbéra, á tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bó bá sì débẹ̀ tán, á tún wá géètì tó máa dúró sí. Bíi wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń kọ fún àlọ.

Àbọ̀ yá jù ú lọ, bíi wákàtí méje. Atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń ti ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù látẹ̀yìn, ó sì ń dojú kọ ẹni tó ń lọ. Lóṣù kejì ọdún 2020, atẹ́gùn yìí le débi pé wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 ni bàálù British Airways kan fi ti New York dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má fi irú ìyẹn ṣètò ìpàdé o.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó gba Keflavík ní Iceland. Heathrow sí Keflavík tó bíi 1,900 kìlómítà. Keflavík sí JFK tó bíi 4,200. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju tààrà lọ, torí ayé rí roboto, ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí New York fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ gba apá àríwá. Àkókò ló yàtọ̀. Wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ lẹ máa fò kí ẹ tó balẹ̀, ẹ ó dúró, ẹ ó tún fò bíi mẹ́fà. Bí ìdúró náà ò bá ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, ẹ ti ń sún mọ́ wákàtí mọ́kànlá.

Ẹ ṣọ́ aago o. Ti ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ, Lọ́ńdọ̀nù sì fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ẹni tó gbéra láago mẹ́wàá àárọ̀ tó sì dé láago kan ọ̀sán, wákàtí mẹ́jọ ló lò, kì í ṣe mẹ́ta.

Tó bá jẹ́ èyí tó ń yà lẹ máa rà, kí ìrìn méjèèjì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì ti lọ, ilé iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ló máa wá òmíì fún yín. Bí ẹ bá rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àpò yín ni owó tuntun ti máa jáde. Lójú tèmi, bí iye owó méjèèjì bá sún mọ́ra, pàápàá tí ọmọdé bá wà lọ́wọ́ yín, tààrà ni kí ẹ rà.