Etymonline: a fi ọ̀rọ̀ "bliss" dán an wò

Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kò ní pẹ́ pàdé "bliss". Ṣé ayọ̀ la ó pè é ni, àbí ìdùnnú, àbí ìbùkún? Kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ yà sí etymonline.com, ìwé atúmọ̀ orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Douglas Harper dá sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú àyè ìwádìí, kí ẹ tẹ èyí tó ní "n." lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "n." dúró fún, ọ̀rọ̀-ìṣe ni "v." Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni pé inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni "bliss" ti wá, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní "blis" tàbí "bliðs". Lẹ́tà "ð" yẹn ni wọ́n fi ń kọ ìró tí à ń kọ ní "th" lónìí, bíi ti "this" tàbí "thing". Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ tẹ líǹkì "blithe", nítorí ibẹ̀ gan-an ni adùn ìtàn náà wà: ìwà pẹ̀lẹ́, inú rere, ìtújúká. Ká sọ ọ́ lédè wa, ọ̀yàyà ni ìdí "bliss". Ayọ̀ ayé lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í pè, kó tó di ayọ̀ ọ̀run, ayọ̀ tí kò lábùkù.

Kí ló gbé e dé ọ̀run? "Bless" ni. Ẹ tẹ òun náà, ẹ ó rí i pé ìdí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ẹ̀jẹ̀ ni. "Bletsian" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ká fi ẹ̀jẹ̀ sàmì sí nǹkan kó lè di mímọ́. Ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe lójúbọ á tètè lóye rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé, òun ni wọ́n fi túmọ̀ "benedicere" ti èdè Látìn, tó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rere. Ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, "bless" sì fa "bliss" mọ́ra. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Nítorí náà, kí atúmọ̀ má ṣe torí ìjọra ojú sọ "bliss" di ìbùkún. "Alábùkún-fún" inú Mátíù 5:3, ti "blessed" ni. Ayọ̀ pípé ló bá "bliss" mu jù.

Ẹ yẹ "happy" náà wò: "hap", kòńgẹ́ rere, ló ti wá, olóríire ló sì kọ́kọ́ túmọ̀ sí. "Eudaimonia" tí àwọn Gíríìkì ń pe ayọ̀ tó kún tún sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ: "eu" ni rere, "daimon" ni ẹ̀mí tó ń darí ẹ̀dá. Kò jìnnà sí orí rere.

Ibi méjì ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣi Etymonline kà. Àkọ́kọ́ ni déètì. "Late 14c." kì í ṣe 1400 sókè, ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá ni, bíi 1370 sí 1400. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ ló sì ń sọ; ó lè ti wà lẹ́nu èèyàn tipẹ́. Èkejì ni àmì ìràwọ̀ (*). Ọ̀rọ̀ tó bá ní in níwájú, bíi *blithiz, ẹnikẹ́ni ò rí i kà rí. Àwọn onímọ̀ ló fi àwọn èdè tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan wéra, tí wọ́n sì ro ó jọ. Ẹ má yọ ìràwọ̀ náà kúrò bí ẹ bá ń dà á kọ.

Àlébù rẹ̀ fún wa ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà fún. Fún Yorùbá, Wiktionary, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù: ẹ wá "ìdùnnú", kí ẹ wo bó ṣe ti ara "ì", "dùn" àti "inú" jáde, tí "i" inú pajẹ. Kí ẹ tún wo "àlàáfíà" tó wá láti èdè Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè ṣàtúnṣe síbẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ "History" lókè ojú ìwé, kí ẹ rí ohun tí wọ́n yí àti ìgbà tí wọ́n yí i, kí ẹ tó gbà á gbọ́.