Àmì róbótó inú oko: ìjì ni àbí ọwọ́ èèyàn?

Àwọn àmì ńlá tó ń yọ níbi tí ọkà ti sùn lulẹ̀ nínú oko àlìkámà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn tó ní ẹ̀dá òde ayé ló ń ṣe é sílẹ̀, kò ní ẹ̀rí kankan. Ìjì àti ọwọ́ èèyàn ló kù.

Ní ti ẹ̀rí, ọwọ́ èèyàn ló lékè. Ní 1991, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, Doug Bower àti Dave Chorley, jẹ́wọ́ pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá táwọn ti ń ṣe é lóru. Pákó àti okùn ni irinṣẹ́ wọn: wọ́n á so okùn mọ́ pákó lápá méjèèjì, wọ́n á dì í mú, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ pákó náà síwájú, ọkà á sì máa sùn sápá kan.

Terence Meaden, onímọ̀ ojú ọjọ́, ní ìjì tó ń pòòyì ni. Ìyẹn lè bá òbìrí lásán mu, àmọ́ ìjì wo ló ń ya igun mẹ́ta tó gún régé? Èmi ò gbà.

Ní ti ìpalára, oúnjẹ olóko ni méjèèjì ń bà jẹ́. Ti èèyàn ló dùn mí jù, torí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Bí ìrẹsì yín n'Ímọ̀tà bá wó yánkanyànkan lẹ́yìn òjò líle, ìjì ni kẹ́ ẹ fura sí, pàápàá bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù tí igi rẹ̀ ga tí kò lágbára. Bí etí ibi tó wó bá gún gẹ́lẹ́, ẹ wá ipa ẹsẹ̀.