Lẹ́ńsì àtijọ́ tó wúwo: kí ni kí ẹ rà tí yóò gbé e dúró?

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní Ìlọrin máa ń ná gbogbo owó sórí lẹ́ńsì tòkunbọ̀, wọn á so ó mọ́ kámẹ́rà, wọn á wá de ìdí kámẹ́rà mọ́ orí tíráípọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ kámẹ́rà. Nikkor (lẹ́ńsì ilé-iṣẹ́ Nikon) 300mm f/2.8 àtijọ́ lé ní kìlógíráàmù méjì, Sony A7 III pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 650 péré. Lẹ́ńsì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ Nikon F fẹ́ àlàfo mílímítà 46.5 sí sẹ́ńsọ̀ (ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà), ti Sony E jẹ́ 18, nítorí náà ádápítọ̀ (òrùka tó so wọ́n pọ̀) àárín wọn ní láti fi mílímítà 28.5 kún gígùn. Ìwúwo á túbọ̀ lọ síwájú, á sì máa fa ẹnu kámẹ́rà wálẹ̀. Lẹ́ńsì ni kí ẹ gbé dúró, kí kámẹ́rà rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Èyí tó ní òrùka àti èyí tí kò ní

Púpọ̀ nínú àwọn 300mm ní òrùka ẹlẹ́sẹ̀ tó di ara lẹ́ńsì mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí òrùka náà wò, ẹ fún síkúrú rẹ̀ le, ẹ wo ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti jẹ. Lẹ́ńsì tí òrùka rẹ̀ ti sọnù, ẹ dín owó rẹ̀ gidigidi tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi pẹpẹ Arca-Swiss gígùn (irin pẹlẹbẹ tó ń wọ orí tíráípọ́ọ̀dù) kún un, kí ẹ lè máa sún un títí ìwúwo iwájú àti ẹ̀yìn yóò fi dọ́gba.

Bí kò bá sí òrùka, ọ̀nà méjì ló wà. Ádápítọ̀ tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ rọrùn, ó sì gba ìwúwo kúrò lára ìdí kámẹ́rà. Ó tó fún Vivitar Series 1 70-210mm f/3.5. Irin gígùn tí iwájú rẹ̀ ya bí ẹ̀ka láti gbé ara lẹ́ńsì lágbára jù ú lọ, nítorí ibi méjì ló ti ń gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka náà bá kan òrùka fókọ́ọ̀sì, lẹ́ńsì kò ní yí. Fún súùmù tí à ń fà síwá-sẹ́yìn, ádápítọ̀ ni mo fara mọ́. Oníṣẹ́ alumíníọ́mù lè gé irin yìí fún yín, ẹ kàn fi fóòmù tẹ́ ibi tí lẹ́ńsì yóò gbà sùn.

Mónópọ́ọ̀dù àti tíráípọ́ọ̀dù

Lọ́jọ́ dọ́bà ní ààfin Ẹ́mírì Ìlọrin, mónópọ́ọ̀dù (ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan) ni kí ẹ gbé lọ. Èrò ń tì yín, ẹṣin ń kọjá, kò sí àyè fún ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó gba ìwúwo lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè yí kíá. Kò lè mú gbogbo gbígbọ̀n kúrò, nítorí náà ẹ tẹ 300 (mílímítà lẹ́ńsì náà) sínú mẹ́nù kámẹ́rà fúnra yín kí ìmúdúró inú kámẹ́rà lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Lẹ́ńsì àtijọ́ kò lè sọ fún kámẹ́rà bí òun ṣe gùn tó. Fún ẹṣin tó ń sáré, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìyára 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá.

Tíráípọ́ọ̀dù dára fún ìsun omi Owú ní Ọ̀wá Kájọlà àti fún òṣùpá. Orí rẹ̀ ló yẹ kó ká yín lára jù. Orí oníbọ́ọ̀lù máa ń dojú dé lójijì bí ẹ bá tú síkúrú rẹ̀, kò sì rọrùn fún lẹ́ńsì kìlógíráàmù méjì. Orí gimbal (èyí tí lẹ́ńsì ń fì lórí rẹ̀ láì dojú dé) dára jù lọ fún ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó wúwo ó sì wọ́n. Orí fídíò olóyìlì ni èmi yóò rà, torí ẹni tó ń ya ìgbéyàwó lè lò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà ọyẹ́ tí atẹ́gùn bá le, ẹ so báàgì mọ́ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àpò ẹ̀wà tí télọ̀ rán, tí ẹ gbé lé fèrèsé mọ́tò, ni owó rẹ̀ rọjú jù nínú gbogbo wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ Márúwá láti Post Office lọ sí ààfin, ẹ tú lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà, kí ẹ fi ìdérí dé iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ńsì.